Ọkà Ẹ̀yìn Balùwẹ̀

Ọmọ yunifásítì kan wá láti Ìlọrin.
Ó bu ilẹ̀ oko wa sínú ọ̀rá,
ó rékọjá odò, ó bu ti àwọn ẹbí ìyá mi,
ó gbé méjèèjì sórí òṣùwọ̀n tó kéré bí ti alágbẹ̀dẹ wúrà.
"Ilẹ̀ kan náà ni," ó ní. "Òjò kan náà ló ń rọ̀ sí i.
Kí ló dé tí ọkà bàbà yín pọ́n bí ojú ẹni tó sunkún mọ́jú,
tí ti òdìkejì sì funfun bí ẹfun?"

Mo ní kó wá ìjókòó.
Kò sí nínú ilẹ̀, ọmọ mi.
Ó wà lẹ́nu.
Ó wà lọ́wọ́ ẹni tó fẹ́ ẹni.

Bàbá mi Ọ̀jẹ́yínká, Ìgbómìnà pọ́ńbélé lẹ́yìn Ṣàárẹ́,
kò gbin ọkà tí kò pọ́n rí.
Pupa là ń lọ̀ sí ògì ọmọ tí a já lẹ́nu ọmú,
pupa ni pòròpórò tí a ń sè fún abiyamọ
kí ẹ̀jẹ̀ tó dànù lè rí arọ́pò.
Bí ṣírì funfun kan bá ṣèèṣì yọjú láàárín aporo,
ọ̀bẹ ni. Adìẹ ni.
Á ní, "Ta ló pè é?"

Ìyá mi Àbíbà, ọmọ Ndàgí, Tápà Ṣàràgí,
gbé ẹrù méje wọlé ọkọ
pẹ̀lú kókó kan ní etí ìró.
Àwọn ìyàwó ilé tú ẹrù, wọn ò tú kókó.
Ọkà funfun ni, kò ju ẹ̀kúnwọ́ kan lọ.
Ẹsẹ̀ ló bá a délé ọkọ,
ọ̀fun kò tẹ̀lé e:
ọ̀fun ṣì ń jẹ túwó nílé ìyá rẹ̀.

Kò sí ebè kan fún un lóko.
Ẹ̀yìn balùwẹ̀ ló gbìn ín sí, níbi tí omi ọṣẹ ń ṣàn gbà,
ó jẹ́ kí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kọjá lórí ti bàbá mi
kí òdòdó wọn má baà fojú kanra.
Ọdún mẹ́wàá gbáko, tọkọtaya ń sùn lórí ẹní kan,
ọkà wọn ò gbọdọ̀ kíra.

Òjò ọdún kan ṣe bó ṣe wù ú.
Àwọn méjèèjì tanná lọ́sẹ̀ kan náà,
atẹ́gùn kò sì bèèrè ẹni tó lọmọ.
Lọ́dún kejì, ṣírì àjèjì kan yọ,
àwọ̀ osùn tí a fomi là,
igi rẹ̀ ga ju òrùlé lọ.

Bàbá mi mú ọ̀bẹ.
Ó di ọrùn ṣírì náà mú.
Mo dúró níbẹ̀, ọmọ ọdún mẹ́sàn-án,
ojú Tápà, ìlà Ìgbómìnà,
garawa omi lọ́wọ́ mi.
Ó wo ọkà. Ó wò mí.
Ó ní ọ̀bẹ ọ̀hún kò mú.
Mo ti rí i tó ń pọ́n ọ̀bẹ ọ̀hún láàárọ̀.

Má rò pé ó dùn tán o.
Ìyá mi fi ro túwó, kò dì.
Ìyá bàbá mi fi ṣògì, ó tutọ́ ẹ̀ dànù.
Gídàdò tó ń da màlúù kọjá ló rí pòròpórò rẹ̀ tó bú sẹ́rìn-ín:
ó gùn tó láti fi ṣọgbà,
ó dùn tó fún màlúù lọ́jọ́ ọ̀gbẹlẹ̀.
Gáà rẹ̀ nìkan ló kù sí dòní.
Wọn kì í jẹ hóró rẹ̀. Igi ni wọ́n fẹ́.

Lésìí, ìjọba kó àpò wá,
hóró kan ṣoṣo fún Tápà, fún Ìgbómìnà, fún gáà.
Èmi náà gbin aporo méjì, n ò ní purọ́, ó ṣe dáadáa.
Ṣùgbọ́n n ò tíì rí ìyàwó tó di í sétí ìró.

Ọmọ náà kọ gbogbo rẹ̀ sílẹ̀.
Mo bu ẹ̀kúnwọ́ kan fún un nínú ọkà gáà.
Ó bèèrè orúkọ rẹ̀.
"Ọmọ Àbíbà ni Gídàdò ń pè é."
Ó ronú díẹ̀, ó kọ nọ́ńbà sára ọ̀rá.
Mo gba bírò lọ́wọ́ rẹ̀.